Fóònù kan, fọ́tò méjì: bí ẹ ṣe lè ya àwòrán 3D, kí ẹ sì fi ojú lásán wò ó

Ẹ mú bírò kan tó ní ọmọrí. Ẹ ṣí i, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di bírò mú, kí ọmọrí wà lọ́wọ́ òsì, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ẹ wá di ojú kan. Ó yá, ẹ gbé ọmọrí wá láti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi dé bírò lẹ́ẹ̀kan náà, láìfi ìka wá ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa gbé ọmọrí kọjá iwájú bírò, àwọn mìíràn á gbé e gba ẹ̀yìn. Ẹ wá la ojú kejì, kí ẹ tún un ṣe: kíá ló máa wọlé. Bírò ò kúrò níbi tó wà, ọwọ́ ò sì kúrò lára yín. Ojú kejì ló bá yín díwọ̀n bí bírò ṣe jìnnà tó.

Iṣẹ́ ojú kejì yẹn la fẹ́ fi fóònù ṣe, kí àwòrán lè ní jíjìn bí ohun tí ojú méjì ń rí. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 3D. Ẹ ò nílò kámẹ́rà àrà ọ̀tọ̀, ẹ ò sì nílò áàpù olówó. Fóònù tó ń ya fọ́tò, ohun kan tí kò ní mira, rúlà, àti sùúrù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé jíjìn tí ẹ máa rí yìí kò sí nínú fọ́tò òsì, kò sì sí nínú ti ọ̀tún. Inú ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló wà. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá kéré jù, àwòrán á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá pọ̀ jù, orí á máa fọ́ ẹni tó ń wò ó. Mímọ ìwọ̀n rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí gan-an.

Ohun tí ojú kan mọ̀, àti ohun tó di ojú méjì

Ká má fi ojú kan wọ́lẹ̀ o. Ojú kan mọ̀ pé ohun tó bá bo òmíràn ló wà níwájú. Ó mọ̀ pé ọ̀nà tó ń tín-ín-rín lọ ń jìnnà lọ ni, ó sì mọ̀ pé mọ́tò kékeré tó hàn lókèèrè kì í ṣe mọ́tò ọmọdé. Lásìkò ọyẹ́, òkè tí eruku bá bò máa ń dà bí ẹni pé ó sún sẹ́yìn ju ibi tó wà lọ. Gbogbo àmì wọ̀nyí lè wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo, àwọn tó ń fi ọ̀dà ya àwòrán sì ti ń lò wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́.

Èyí tí fọ́tò kan kò lè ní láé ni ìyàtọ̀ ohun tí ojú òsì rí sí èyí tí ojú ọ̀tún rí. Àárín ẹyinjú méjì àgbàlagbà máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 6.5. Ojú kọ̀ọ̀kan ń wo nǹkan kan náà láti ibi tó yàtọ̀ díẹ̀. Ọpọlọ á kó ohun tí méjèèjì rí jọ, á sì fi ìyàtọ̀ wọn mọ èyí tó wà nítòsí àti èyí tó wà lọ́nà jíjìn.

Charles Wheatstone, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ fi èyí hàn kedere. Ní 1838 ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ ló fi ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan bí ojú òsì ṣe máa rí i, ọ̀kan bí ti ọ̀tún. Ó wá to dígí méjì kí ojú kọ̀ọ̀kan lè rí tirẹ̀ nìkan. Ìlà tí wọ́n fà sórí ìwé bá nàró! Ẹ kíyè sí ọdún yẹn: 1839 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde fọ́tò tí Daguerre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ní Paris, nítorí náà 3D ti wà kí fọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ aráyé. David Brewster ará Scotland fi lẹ́ńsì rọ́pò dígí ní 1849, ẹ̀rọ náà sì kéré sí i. Ní Ìpàtẹ Ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1851, Ọbabìnrin Victoria rí i, ó wù ú, ọjà bá yá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní 1861, Oliver Wendell Holmes, dókítà kan ní Boston, ṣe èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan mú. Kò gba ìwé àṣẹ àdáni lórí rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá wù ló ń ṣe é tà.

Béla Julesz ló fi àgbà hàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ará Hungary ni, Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1960 ó gbé àwòrán kọ̀ǹpútà méjì jáde tó jẹ́ kìkì àmì tótòtó, tí kò sí ohun kankan tí ojú lè dá mọ̀ nínú wọn. Ó kàn sún àwọn tótòtó àárín ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, rúdurùdu ni. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, igun mẹ́rin kan á léfòó kúrò lára ìyókù. Ọpọlọ ò nílò kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wò. Ìyàtọ̀ nìkan tó.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, àwọn oníyàwòrán kan máa ń ya fọ́tò èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Táyé àti Kẹ́hìndé á sì pé. Stephen Sprague ará Amẹ́ríkà rí irú rẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Ẹni tó bá mọ káàdì 3D ayé àtijọ́, tó ní fọ́tò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ Holmes, ọmọ náà á tẹ́ pẹrẹsẹ ni, torí inú fíìmù kan ṣoṣo ni méjèèjì ti jáde. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fi í ṣe, ó sì ṣe é.

Ẹ kọ́ wíwò kí ẹ tó kọ́ yíyà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré ya fọ́tò ná, kí wọ́n tó máa wá bí wọ́n ṣe máa wò ó. Mo ní kẹ́ ẹ yí i po, torí ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n wò kò ní mọ̀ bóyá fọ́tò rẹ̀ ló bàjẹ́ tàbí ojú rẹ̀ ni kò tíì gbọ́.

Ìka ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ na ìka ìfábẹ̀là méjèèjì síwájú imú, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí ojú, kí orí wọn kọjú sí ara wọn, kó ku díẹ̀ kí wọ́n kan ara wọn. Ẹ má wo ìka o. Ẹ wo ògiri tó wà lẹ́yìn wọn. Láàárín ìka méjèèjì, ẹ máa rí ìka kúkúrú kan tó ní orí lápá méjèèjì, tó ń léfòó láìsí ọwọ́ tó mú un. Ẹni tó bá rí i ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú ojú sílẹ̀.

Ó kan fóònù. Ẹ ṣí àwòrán 3D kan tó jẹ́ fọ́tò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti òsì ní òsì, ti ọ̀tún ní ọ̀tún. Ẹ fi rúlà wọn ún lójú fóònù: láti ohun kan nínú fọ́tò òsì dé ohun kan náà nínú ti ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ìdí ni pé ojú wa lè wo iwájú gan-an, ó lè sún mọ́ imú, ṣùgbọ́n kò lè ya síta bíi ti aláǹgbá. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín àwòrán kù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ojú títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn. Ẹ máa wò ó bí ẹni pé ẹ ń wo ohun kan lókèèrè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wá rọra fà á sẹ́yìn, ìka kan, ìka kan, títí dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Fọ́tò méjì á di mẹ́ta. Ti àárín la ń wá. Á kọ́kọ́ wà ní bàìbàì; ẹ má lé e, ẹ má sì gbìyànjú láti wò ó kíkankíkan, torí bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ojú á padà sórí síkírínì, mẹ́ta á tún di méjì. Ẹ jẹ́ kó mọ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá mọ́, ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ohun tí ẹ rí nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ da ojú pọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ló ti wúlò jù, torí kò sí ẹni tó lè fi ọ̀nà ti àkọ́kọ́ wo fọ́tò méjì tó gba gbogbo síkírínì ńlá. Ẹ gbé fọ́tò ọ̀tún sí òsì, kí ẹ gbé ti òsì sí ọ̀tún. Ẹ di bírò mú láàárín ojú yín àti síkírínì, kí ẹ tẹjú mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ máa fà á bọ̀ lọ́dọ̀ imú. Ẹ máa rí i pé fọ́tò tó wà lẹ́yìn bírò ń sún lọ sún bọ̀; ibi tí wọ́n bá ti di mẹ́ta ni kẹ́ ẹ dúró, kí ẹ rọra gbé ọkàn yín lọ sórí ti àárín, kí ẹ sì yọ bírò kúrò. Àwòrán á dà bíi pé ó kéré sí i, ojú sì máa ń tètè rẹ èèyàn lọ́nà yìí. Èmi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó ṣe é pẹ́. Bí orí bá ti ń fọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọ̀la.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà kankan lè ra àpótí páálí tó ní lẹ́ńsì méjì, irú èyí tí Google gbé jáde ní 2014 tí gbogbo ayé wá ń ṣe àfarawé rẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó ti mọ̀ ọ́n wò kò nílò àpótí.

Àwọn kan wà tí kò ní rí i bó ti wù kí wọ́n gbìyànjú tó, pàápàá ẹni tí ojú rẹ̀ kan ń wo ẹ̀gbẹ́ nígbà tí èkejì ń wo iwájú, tàbí tí ojú kan ti dẹwọ́ láti kékeré. Inú ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń da iṣẹ́ ojú méjèèjì pọ̀ wà, ìgbà ọmọdé ni wọ́n sì ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Iṣẹ́ David Hubel àti Torsten Wiesel, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, ló jẹ́ ká mọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọmọ tí ojú rẹ̀ ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sọ pé á dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kíákíá. Àgbàlagbà náà kò gbọ́dọ̀ sọ̀rètí nù pátápátá: Susan Barry, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tí ojú rẹ̀ ti ń yà láti ìgbà ọmọ ọwọ́, fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojú bẹ̀rẹ̀ sí í rí jíjìn lẹ́ni ọdún 48.

Yíyà: ìyá ìlù lórí tábìlì

Ohun tí ẹ máa yà kò gbọ́dọ̀ mira, torí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa yà á. Ó sì yẹ kó ní ohun tó wà níwájú, tó ní àárín, tó ní ẹ̀yìn. Ògiri lásán ò lè fún yín ní nǹkan kan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ èèyàn ni ìyá ìlù dùndún. Nínú fọ́tò kan, ọsán rẹ̀, ìyẹn okùn awọ tó wà lára rẹ̀, máa ń dà bí ìlà tí wọ́n fà mọ́ ara igi. Nínú 3D, ẹ máa rí i pé afẹ́fẹ́ wà láàárín ọsán àti ìbàdí ìlù, ẹ sì máa fẹ́ ti ìka bọ àárín wọn.

Ẹ gbé ìlù sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ta aṣọ tí kò ní dídán sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ rúlà mọ́ tábìlì níwájú rẹ̀, ní ìbú. Ẹ gbé fóònù dúró lóòró, kí ẹ fi ìwé tó nípọn tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fara kan rúlà. Fóònù tó dúró lóòró máa ń fún wa ní fọ́tò tóóró méjì tó wọ síkírínì dáadáa nígbà tí wọ́n bá jọ wà pọ̀.

Ẹ tún kámẹ́rà ṣe. Lẹ́ńsì 1x ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má sún nǹkan mọ́lé. Ẹ pa fúláàṣì. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń fi agbára mú ẹ̀yìn ṣókùnkùn tàbí tó ń dán ojú, torí bó ṣe máa ṣe òsì kọ́ ló máa ṣe ọ̀tún. Ẹ tẹ ojú ìlù lórí síkírínì, kí ẹ fi ìka sílẹ̀ níbẹ̀ títí fóònù á fi ti fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ pa. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá tì í, fọ́tò kan lè mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, ojú á sì máa jà.

Ó wá ku ìwọ̀n ìsún. Òfin tí àwọn oní-3D ń tẹ̀ lé ni ìdá kan nínú 30: ẹ wọn bí ohun tó sún mọ́ kámẹ́rà jù ṣe jìnnà sí i, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 30, ibẹ̀ lẹ máa sún fóònù dé. Bí ọsán tó yọ síwájú jù bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 45, ẹ sún fóònù ní sẹ̀ǹtímítà 1 àbọ̀. Òdòdó ní sẹ̀ǹtímítà 30, sẹ̀ǹtímítà 1. Èèyàn tó jókòó ní mítà 2, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 àbọ̀, tó sún mọ́ àárín ojú wa. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa ń rí bí ẹni pé ẹ wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́ńsì fóònù gbòòrò, nítorí náà ó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé aṣọ tí ẹ ta wà lẹ́yìn ìlù gan-an, tí ojú kò ráyè ríran lọ jìnnà, ẹ lè sún un dé sẹ̀ǹtímítà 2 láìsí ewu. Àmọ́ bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ìlù tí òde ń hàn, ẹ má kọjá 1 àbọ̀.

Ẹ ya ti òsì ná. Ìgbà gbogbo ni kó jẹ́ òsì lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa dá èwo ni èwo mọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ rọra ti fóònù gba ara rúlà lọ sápá ọ̀tún, ní gbọọrọ, kí ẹ ya èkejì. Ẹ má yí ojú fóònù padà sí ìlù o! Ó máa ń wu èèyàn láti ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìlù lè wà láàárín fọ́tò méjèèjì, ṣùgbọ́n fóònù tí ẹ bá yí máa ń mú kí apá kan fọ́tò ga ju apá kejì lọ, ní òdìkejì ara wọn, ojú kò sì fẹ́ràn kí nǹkan kan náà wà lókè fún ojú kan, kó wà nísàlẹ̀ fún èkejì. Kí ìlù sún kúrò láàárín, kò séwu.

Ẹ ya òmíràn sí i pẹ̀lú ìsún tó kéré àti èyí tó pọ̀ jù. Ìwọ̀n tí ojú yín fẹ́ràn, ojú yín ló máa sọ ọ́.

Níbi tí kò bá sí tábìlì, ẹsẹ̀ ni rúlà. Ẹ dúró, ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì, ẹ ya ọ̀kan. Ẹ gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ ya èkejì, kí ìgúnpá wà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo ìgbà náà. Ẹ wo ohun kan nínú síkírínì, ìlà ilẹ̀kùn tàbí etí ògiri, kí ẹ fi ṣọ́ bóyá fóònù ń lọ sókè sódò.

Pípa wọ́n pọ̀

Lórí kọ̀ǹpútà Windows, StereoPhoto Maker ni mo máa ń sọ fún èèyàn. Masuji Suto ará Japan ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé fọ́tò méjèèjì sí i, ẹ ní kó tò wọ́n dọ́gba fúnra rẹ̀, á tún gígùn, gíga àti títẹ̀ wọn ṣe. Lórí fóònù, áàpù èyíkéyìí tó ń to fọ́tò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti tó, ṣùgbọ́n ọwọ́ lẹ máa fi tò wọ́n. Ẹ wá àmì kékeré kan, fún àpẹẹrẹ ihò ẹnu ṣaworo kan, kí ẹ rí i dájú pé gíga kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ẹ tún wò ó pẹ̀lú ṣaworo mìíràn lápá kejì ìlù. Bí ọ̀kan bá dọ́gba tí èkejì kò dọ́gba, fóònù ló tẹ̀. Ẹ yí fọ́tò kan díẹ̀ títí wọ́n á fi bára mu.

Nípa ṣaworo yẹn, ẹ máa rí ohun kan tó lẹ́wà: wọ́n á máa dán yinrin lọ́nà tí fọ́tò kan kì í dán. Ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn padà sí ojú òsì kò dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀tún, ọpọlọ sì ń ka ìyẹn sí dídán.

Tí ẹ bá fi fọ́tò méjèèjì sílẹ̀ bí ẹ ṣe yà wọ́n, gbogbo nǹkan á yọ síwájú férémù, ìyẹn etí àwòrán, etí férémù á sì máa gé ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ojú kì í gbà á. Ẹ gé díẹ̀ kúrò ní etí òsì fọ́tò òsì, kí ẹ gé iye kan náà kúrò ní etí ọ̀tún fọ́tò ọ̀tún, títí ọsán tó yọ jù á fi wà ní ibi kan náà nínú méjèèjì. Ìlù á padà sẹ́yìn férémù, bí ẹni tó dúró nínú ilé tí a ń wò láti ojú wíńdò.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òsì àti ọ̀tún kò ṣì gba ipò ara wọn. Nínú fọ́tò òsì, ohun tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ sún sápá ọ̀tún ju bó ṣe rí nínú fọ́tò ọ̀tún lọ, bí ẹ bá fi ohun tó wà lẹ́yìn wọn ún. Bí wọ́n bá ti ṣì í, aṣọ ẹ̀yìn á bọ́ síwájú, ìlù á jìn wọnú bí ihò.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n wò

Fún wọn, àwòrán pupa-àti-búlúù ló rọrùn jù, èyí tí wọ́n ń fi awò páálí wò. Ó ti wà láti ìgbà Wilhelm Rollmann ní Jámánì ní 1853. Ojú òsì ló ń wo gíláàsì pupa. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ mú àwọ̀ pupa láti inú fọ́tò òsì, kí ẹ mú àwọ̀ ewé àti búlúù láti inú ti ọ̀tún, kí ẹ dà wọ́n pọ̀. StereoPhoto Maker ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ààyò mi. Aṣọ pupa máa ń tàn fún ojú kan, á dúdú fún èkejì, àǹkárá á sì máa ṣẹ́jú sí yín. Bí pupa bá pọ̀ nínú fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ sọ méjèèjì di dúdú-àti-funfun.

Òkè, òrùlé àti òfúrufú

Láti orí Òkè Olúmọ, òrùlé Abẹ́òkúta jìnnà jù fún ojú méjì láti fi ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì wò ó. Fóònù lè ṣe ohun tí ojú kò lè ṣe. Bí òrùlé tó sún mọ́ yín jù bá wà ní mítà 60, ẹ rìn ní mítà 2 sápá ọ̀tún láàárín fọ́tò méjèèjì, ẹ rí i pé ibi tí ẹ̀ ń gbà kò léwu, kí ẹ sì ṣe é kíákíá kí òjìji ìkùukùu tó yí padà. Ìlú á dìde dúró. Á sì tún dà bí ìlú ohun ìṣeré, torí ọpọlọ gbà pé ojú yín méjèèjì fi mítà 2 jìnnà síra.

Báyìí làwọn tó ń ya máàpù ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Bàálù á máa ya ilẹ̀ bó ṣe ń lọ, fọ́tò kọ̀ọ̀kan á sì gun orí èyí tó tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100. Wọ́n á gbé méjì sábẹ́ ẹ̀rọ onídígí, òkè àti àfonífojì á yọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ẹ̀kọ́ RECTAS, tó di AFRIGIST báyìí, ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ láti òfúrufú láti 1972.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é bí ẹ bá wọ bàálù, tí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàálù ńlá tó ti gòkè tán máa ń wà ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sókè, ó sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ní mítà 250 ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ìdá kan nínú 30 kìlómítà 10 jẹ́ nǹkan bíi mítà 330, nítorí náà, láàárín fọ́tò méjèèjì, kò ju kí ẹ ka "ení, èjì" kíákíá lọ. Tó bá jẹ́ ìkùukùu tó sún mọ́ ni, ẹ má kà rárá, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Apá bàálù kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀: ó ń bá yín rìn, kò ní yí ipò padà nínú fọ́tò méjèèjì, ọpọlọ á sì kà á sí ohun tó jìnnà ju ilẹ̀ lọ. Bí ẹ bá jókòó ní apá òsì bàálù, fọ́tò àkọ́kọ́ ni ti òsì. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún lẹ wà, òun ni ti ọ̀tún.